Òdòdó Tí Kò Tanná Lókè Ilẹ̀kùn Ẹ̀yìn

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ni ilé tí wọ́n bí mi sí ní Ẹdẹ. Lókè fèrèsé rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, òdòdó kan wà tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì mọ. Mẹ́wàá ni àwọn tó wà lókè fèrèsé, gbogbo wọn ló tanná, ewé wọn ṣí sílẹ̀ bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́. Ìkọkànlá wà lókè ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ilẹ̀kùn tí a ń gbà lọ sí ilé ìdáná. Òun kò tanná. Ó rúdi, ó sì dúró bẹ́ẹ̀. Bàbá tó bí ìyá àgbà mi ni wọ́n mọ gbogbo òdòdó náà. Bíríkìlà ni wọ́n. Ìyá àgbà mọ ìdí tí ìkọkànlá kò fi tanná, wọ́n sì fẹ́ sọ ọ́ fún mi. Díẹ̀ ló kù kí n gbọ́ ọ.

Àgùdà ni ìyá àgbà mi, ìyá tó bí bàbá mi. Tí o bá pe ènìyàn ní Àgùdà ní ìlú wa, ohun tí ọ̀pọ̀ máa rò ni ẹni tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kátólíìkì. Ohun tí ìyá àgbà ń wí yàtọ̀ sí ìyẹn. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bùràsíìlì ni, tí wọ́n gbọ́ èdè Potogí níbẹ̀, tí wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ níbẹ̀, tí àwọn kan nínú wọn sì wọ ọkọ̀ ojú omi padà wá sí Èkó pẹ̀lú ọmọ wọn. Ọkọ Mùsùlùmí ni ìyá àgbà fẹ́, àwọn náà sì di Mùsùlùmí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rí ọjọ́ kan tí wọ́n pa ìrun jẹ. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ní Jímọ̀ tó ṣáájú Àjíǹde àwọn onígbàgbọ́, wọ́n á se ẹ̀wà olómi àgbọn tí wọ́n ń sè nílé bàbá wọn.

Ìyá àgbà kì í wo kàlẹ́ńdà. Lójú fèrèsé òkè ni wọ́n máa ń jókòó sí lọ́jọ́ Sọ́ńdè ní àsìkò yẹn. Tí wọ́n bá ti rí àwọn ọmọ onígbàgbọ́ tí wọ́n gbé imọ̀ ọ̀pẹ kọjá pẹ̀lú orin, wọ́n á ké sí mi nísàlẹ̀.

"Wọ́n ti kọjá o. Lọ wá àgbọn."

Ẹ̀wà olóyin ni a máa ń lò. A ó rẹ ẹ́ mọ́jú, a ó sè é títí yóò fi rọ̀ pátápátá, a ó lọ̀ ọ́ lórí ọlọ. A ó rin àgbọn, a ó fún omi rẹ̀. A ó da méjèèjì pọ̀, a ó wá fi aṣọ funfun kan sẹ́ ẹ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ẹ̀ẹ̀kẹta, orí iná gan-an ni a ti ń fún aṣọ náà sínú ìkòkò, díẹ̀díẹ̀, ẹlòmíràn á sì máa rò ó pẹ̀lú kànáfùrù títí yóò fi ki. Ẹja díndín àti gààrí la fi ń jẹ ẹ́. Gbogbo agbo ilé ló máa ń gbé abọ́ wá. Ẹ̀wà aláṣọ ni wọ́n ń pè é.

Inú aṣọ yẹn ni ìtàn wà. Sísẹ́ mẹ́ta, ìtàn mẹ́ta. Ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá wà nínú aṣọ ni ìyá àgbà ń sọ ọ́ fún, kì í ṣe ẹlòmíràn, kì í ṣe ọjọ́ mìíràn. Mo ti ń sẹ́ ẹ láti ìgbà tí mo ti fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kejì girama. Mi ò kì í bèèrè nǹkan kan. Mo máa ń dáhùn "hẹn" ni, wọ́n á sì máa bá a lọ. Nítorí ìyẹn ni wọ́n ṣe fẹ́ràn mi. "Ọmọ yìí gbọ́ràn," ni wọ́n máa ń sọ fún àlejò. Onítìjú ni mí ni. Tí mo bá ní ìbéèrè, ó máa ń dé ọ̀fun mi, á sì padà.

Iṣẹ́ ìránṣọ ni mo ń ṣe, ní ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà tó lọ sí Sekona. Lọ́dún kan, mo bu ẹ̀wà aláṣọ lọ fún ọ̀gá mi níbẹ̀. Oníbàárà kan jókòó tó ń dúró de bùbá rẹ̀, obìnrin tó ń kọ́ni ní yunifásítì. Ọ̀gá mi fi ẹ̀wà náà lọ̀ wọ́n. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ta ló se èyí ní Ẹdẹ?"

Mo ń wo abẹ́rẹ́ mi.

"Òun ni," ni ọ̀gá mi wí. "Ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, mà. Tí ilé bá ń jó, ọmọ yìí á ní kí ẹlòmíràn bá òun pariwo."

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe mọ̀ pé Àgùdà ni ìyá tó bí àǹtí oníbàárà náà, àti pé ìtàn àwọn ìdílé Àgùdà tí wọ́n kúrò ní Èkó wá sí àwọn ìlú òkè ni wọ́n ń kó jọ, kó má baà run. Wọ́n tẹ̀ lé mi wálé. Wọ́n kúnlẹ̀ kí ìyá àgbà, wọ́n sì bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sọ ìtàn wọn.

"Ṣé aṣọ wà lọ́wọ́ yín ni?" ni ìyá àgbà wí.

Àǹtí náà rò pé aṣọ ni wọ́n ń tọrọ, wọ́n ní àwọn á mú un wá. Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Mo sin àǹtí náà dé títì, mo sì gbìyànjú láti ṣàlàyé. Wọ́n ronú díẹ̀, wọ́n wá ní, "Ìwọ lo máa gbà á sílẹ̀ nìyẹn. Fi fóònù ẹ gbà á lọ́jọ́ náà."

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí wú. Wọ́n á gun àkàsọ̀ mẹ́ta, wọ́n á dúró mí. Dókítà bá bàbá mi sọ̀rọ̀ níta, bàbá mi sì wọlé láìwo ojú ẹnikẹ́ni. Mo mọ̀ pé tí Jímọ̀ yẹn bá kọjá, ó lè má sí òmíràn. N kò mọ ẹlòmíràn tó gbọ́ ìtàn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí. Àwọn ọmọbìnrin wọn ti kú, ọkùnrin kò sì bá wọn sẹ́ ẹ̀wà rí.

Ọdún yẹn ni Jímọ̀ náà bọ́ sínú ààwẹ̀ Ràmàdáánì. Àwọn onímọ̀ ọ̀pẹ kọjá, ìyá àgbà ké sí mi bí ìṣe wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n bàbá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Alájì, gbọ́, wọ́n sì gòkè wá.

"Ìyá, inú ààwẹ̀ la wà. Ẹ fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé à ń ṣọdún kiriyó nínú Ràmàdáánì?"

"Ẹ̀wà ni mo fẹ́ sè. Mo ní kí ẹ wá kọrin ni?"

"Àwọn èèyàn á sọ̀rọ̀."

"Ìgbà tí o kò tíì ní eyín lo ti ń jẹ ẹ́. Ṣé o ti di kiriyó?"

Ìyàwó Alájì, tí wọ́n dúró lẹ́yìn ọkọ wọn, bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì yára fi ọwọ́ bo ẹnu. Alájì wo ilẹ̀. Lẹ́yìn-ọ-rẹyìn, wọ́n ní kí a bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, kó lè jẹ́ oúnjẹ ìṣínu. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé àkókò ti kéré. Láàárọ̀ la máa ń bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Nígbà tó di ọjọ́ náà, ìyá àgbà jókòó sórí àpótí nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, òdòdó tó rúdi wà lókè orí wọn. A ti sọ fún wọn pé ààwẹ̀ kò di dandan fún wọn mọ́, wọ́n sì gbà á. Mo tẹ fóònù mi kó máa gba ohùn, mo gbé e sínú abọ́ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, mo da ìborí mi bò ó.

"Kí lo fi pamọ́ síbẹ̀?"

"Fóònù ni, mà."

"Òtútù ń mú un ni? Ṣí i kó gbọ́rọ̀."

Mo ṣí i. Mo ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú aṣọ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í fún un, mo ń dúró de ohùn wọn. N kò gbọ́ nǹkan kan àfi èémí wọn.

"Èémí mi kò tó o," ni wọ́n wí. "Ìwọ sọ ọ́."

"Èmi, mà?"

"Ta ló tún wà níbí? Ọdún mélòó lo fi ń sẹ́ ẹ? Àbí ọwọ́ ẹ nìkan ló ń wá?"

Mo bẹ̀rẹ̀. Ohùn mi kéré débi pé èmi gan-an kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ.

"Sókè," ni ìyá àgbà wí. "Òkun ni àwọn tó o ń sọ̀rọ̀ wọn là kọjá. Wọn ò lè gbọ́ ẹ báyìí."

Mo gbé ohùn sókè. Mo sọ ti àkọ́kọ́: pé ìyá tó bí bàbá ìyá àgbà, tí wọ́n ń pè ní Yàyá bí àwọn Àgùdà ṣe ń pe àgbà obìnrin, ìlú Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì ni wọ́n ti bí i. Ìyá tó bí Yàyá ni wọ́n kó lẹ́rú níhìn-ín, nígbà tó wà lọ́mọdé. Lójú odò ni wọ́n ti mú un.

"Rárá. Oko ẹ̀pà ni. Àbúrò ẹ̀ ni wọ́n mú lójú odò."

N kò gbọ́ ọ rí pé ó ní àbúrò. Mo fẹ́ bèèrè ohun tó dé bá àbúrò náà. Ìbéèrè náà dé ọ̀fun mi, ó sì padà. Mo sọ bí Ìyá Yàyá ṣe ń fọ aṣọ aláṣọ ní Bàhíà títí tó fi ra ara rẹ̀ padà, àti pé nínú aṣọ funfun tó ń fọ̀ yẹn ló ti kọ́kọ́ fi ọ̀kan sẹ́ ẹ̀wà fún ọmọ rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni ìyá àgbà wí.

Mo tún aṣọ dì, mo sọ ti ẹ̀ẹ̀kejì. Ọkọ̀ gbé wọn dé ẹnu òkun Èkó, ìgbì kò jẹ́ kí ọkọ̀ kékeré wá kó wọn. Wọ́n ń rí ilẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, wọn kò lè dé e. Omi mímu tán. Àgbọn tí wọ́n rà dání ni wọ́n fọ́, omi rẹ̀ ni wọ́n mu, omi rẹ̀ ni wọ́n sì fi se ẹ̀wà tó kù nínú àpò.

"Ìyá Yàyá kò mu nínú ẹ̀," ni ìyá àgbà wí. "Ọmọ ló fi fún."

Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹta, oòrùn ti ń rẹlẹ̀. Ìyàwó Alájì ń ro ìkòkò lórí iná, mo ń fún aṣọ sí i. Mo sọ bí ọmọ Yàyá ṣe di bíríkìlà, bí wọ́n ṣe wọ rélùwéè wá sí Ẹdẹ láti kọ́ ilé fún oníṣòwò kòkó kan, bí wọ́n ṣe mú ọmọbìnrin wọn kékeré dání kó máa bá wọn po sìmẹ́ǹtì òdòdó. Òdòdó kan lọ́jọ́ kan. Ọmọbìnrin yẹn ni ìyá àgbà. Ọmọ oníṣòwò yẹn ni wọ́n wá fẹ́ nígbà tó yá. Ibẹ̀ ni ìtàn máa ń parí sí lọ́dọọdún, wọ́n á ní, "Ó sì kọ́ ilé yìí tán."

Mo ní, "Ó sì kọ́ ilé yìí tán."

"Kò tíì tán," ni ìyá àgbà wí.

Mo gbójú sókè.

"Ó ku ti òdòdó yìí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Bàbá mi ní kí n fi í pamọ́ títí ẹlòmíràn á fi lè fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìyókù. O ti sọ ọ́. O fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣìnà lóko ẹ̀pà, ṣùgbọ́n o ti sọ ọ́." Wọ́n gbé orí sókè, wọ́n wo òdòdó náà. "Ọjọ́ tí bàbá mi mọ èyí—"

Ládàánì pe ìrun.

Gbogbo ilé dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Alájì ti ń pè láti iyàrá iwájú pé oòrùn ti wọ̀, àwọn aláàwẹ̀ ti jókòó. Ìyàwó Alájì na ọwọ́ sí abọ́. Ọwọ́ mi ṣì wà nínú aṣọ. Tí mo bá ti sọ pé "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ parí ẹ̀," wọn ì bá parí ẹ̀. Ọ̀rọ̀ mélòó ni? N kò sọ ọ́.

"Lọ fún wọn lóúnjẹ," ni ìyá àgbà wí. "Ebi ń pa ènìyàn. A ó parí ẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Kò ní tanná kó tó dìgbà yẹn."

Ẹ̀wà náà kò ṣeé jẹ. Nítorí ààwẹ̀, àwa tó ń sè é kò lè tọ́ ọ wò, kò sì sẹ́ni tó rántí bu díẹ̀ fún ìyá àgbà. Mo ti fi iyọ̀ sí i, ìyàwó Alájì náà ti fi sí i, ẹnì kan kò sì sọ fún ẹnì kejì. Ìyá àgbà bu ṣíbí kan, wọ́n wò mí.

"Àwọn tó gba orí òkun wá kò gbé iyọ̀ dání tó báyìí."

Alájì mu omi ife mẹ́ta, wọ́n sì tún padà sí ẹ̀wà náà. Ẹ̀rín yẹn ni mo máa ń rántí jù. Ìyá àgbà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń di ìhà mú.

Lẹ́yìn náà, mo ra àgbọn kan ní ọjà Sekona. N kò sọ ìdí tí mo fi rà á fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ sọ fún ìyá àgbà pé kí a sẹ́ ẹ̀wà lọ́jọ́ kan lásán, kí ọwọ́ mi lè wà nínú aṣọ, kí wọ́n lè parí ọ̀rọ̀. Mo gbé àgbọn náà sẹ́yìn ilẹ̀kùn ilé ìdáná. Lójoojúmọ́ ni mo ń sọ pé ó di ọ̀la. Mo rò pé wọ́n á ní mo fẹ́ ba àṣà jẹ́, tàbí pé wọ́n á mọ̀ pé mo rò pé wọ́n máa kú. Òjò ọdún yẹn kò tíì dá tí wọ́n fi lọ. Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, mo ń gbálẹ̀, mo rí àgbọn náà. Mo gbé e sétí, mo mì í. Omi inú rẹ̀ ti gbẹ.

Ohun tó wà nínú fóònù mi, ohùn mi ló pọ̀ jù níbẹ̀. Èmi tí n kì í sọ̀rọ̀, èmi ni mò ń sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ti ìyá àgbà ni "sókè," àti "rárá," àti "bẹ́ẹ̀ ni," àti èémí wọn láàárín. Lẹ́yìn náà, "Ọjọ́ tí bàbá mi mọ èyí," ládàánì sì gbà á lẹ́nu wọn. Ó pẹ́ kí n tó lè gbọ́ ọ já. Tí mo bá ń ran aṣọ, mo máa ń fi sí etí kan, mo máa ń dúró de "rárá" yẹn. Ó wù mí kí n ṣìnà sí i, kí wọ́n lè tún mi ṣe sí i.

Àǹtí yunifásítì bèèrè fún un. Mo ní kò sí nǹkan kan níbẹ̀, ohùn èmi ni, kò sì parí. Wọ́n kò fi ipá mú mi. Ìgbà tí wọ́n wá gba aṣọ tí mo rán fún wọn ni wọ́n tún dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀.

"Bàbá bíríkìlà yẹn, ṣé ìyá àgbà yín nìkan ni wọ́n bí?"

"Wọ́n ní àwọn ọmọ mìíràn ní Èkó, mà. A ò mọ̀ wọ́n."

"Àwọn ọmọ yẹn lè ní ọmọ. Ẹnì kan nínú wọn lè ti gbọ́ nípa òdòdó kan tí kò tanná ní Ẹdẹ. Báwo ló ṣe máa mọ̀ pé ò ń wá òun, tó o bá ti ìtàn náà mọ́ inú fóònù?"

Èmi ni mo na fóònù náà sí wọn. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí àwọn Àgùdà tí wọ́n mọ̀, àwọn náà fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn. Wọ́n tún ní kí n wá sọ ìtàn náà níwájú èèyàn. Mo ní n kò lè sọ ọ́ láìsí aṣọ lọ́wọ́ mi. Wọ́n ní ó dáa, àwọn èèyàn ló máa wá bá aṣọ nígbà náà.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn onímọ̀ ọ̀pẹ kọjá, kò sẹ́ni tó ké sí mi láti òkè. Èmi fúnra mi ni mo sọ ọ́, nínú ilé ìdáná, fún ara mi: "Wọ́n ti kọjá o." Ààwẹ̀ tún ni. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì ọjọ́ Jímọ̀, àǹtí náà dé pẹ̀lú obìnrin mẹ́rin. Ìyàwó Alájì gbé ìjókòó wá. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan iyọ̀ àfi èmi.

Mo sọ ọ́. Orí mi kò gbé sókè, mò ń wo ọwọ́ mi nínú aṣọ, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ sókè. Mo ní oko ẹ̀pà ni. Mo ní ó ní àbúrò kan, n kò sì mọ ohun tó dé bá a, nítorí n kò bèèrè. Mo ní Ìyá Yàyá kò mu nínú omi àgbọn.

Nígbà tí mo dé ti ẹ̀ẹ̀kẹta, mo rí i pé Alájì ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn. N kò mọ ìgbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Mo sọ títí mo fi kan òdòdó mẹ́wàá, mo sì dákẹ́.

"Èyí ńkọ́?" ni Alájì wí. Wọ́n ń nàka sókè.

"Wọn ò parí ẹ̀, Bàbá. Ládàánì pe ìrun."

Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀. "Láti kékeré ni mo ti ń gba abẹ́ ẹ̀ kọjá," ni wọ́n wí. "Èmi náà ò bèèrè rí."

Mo ń fún ohun tó kù nínú aṣọ sínú ìkòkò títí kò fi kán mọ́. Nígbà tí ládàánì pe ìrun, Alájì fúnra wọn ló gbé abọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n tọ́ ọ wò, wọ́n ní iyọ̀ rẹ̀ kò tó.

Títí di ìsinsìnyí, kò tíì sí ẹni tó pè láti Èkó. Mo fọ aṣọ náà lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ yẹn, mo sá a sórí okùn níwájú ilẹ̀kùn ẹ̀yìn. Àwọ̀ ẹ̀wà kì í kúrò lára rẹ̀ tán.